Arpège, lọ́fínńdà tí ìyá kan fi ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìgò dúdú kan wà lórí tábìlì dígí ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó rí róbótó bí ọsàn, ọmọrí rẹ̀ ń dán bíi wúrà, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Màmá Kútọnu là ń pè wọ́n, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣòwò. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọn á ṣí ìgò náà, wọn á fi ọmọrí rẹ̀ kan ẹ̀yìn etí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn á dé e padà. A ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó dé, òórùn yẹn á ṣì wà lára gèlè wọn. Ìgò náà ti di tèmi báyìí. Ohun tí mo ti kọ́ nípa rẹ̀ ni mo kó jọ síhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́.

Kí ni Arpège, ta ló sì ṣe é?

Lọ́fínńdà obìnrin ni, ti ilé aṣọ Lanvin ní Párísì, ọdún 1927 ni wọ́n sì gbé e jáde. Jeanne Lanvin tó dá ilé náà sílẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe é. Àwọn tó po èròjà rẹ̀ pọ̀ ni André Fraysse àti Paul Vacher. Fraysse wà pẹ̀lú Lanvin fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló tún ṣe Rumeur ní 1934. Vacher ní tirẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe Miss Dior ní 1947, òun àti Jean Carles.

Kì í ṣe Arpège ni Lanvin kọ́kọ́ tà. Ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti ní Mon Péché, tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí My Sin. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Madame Zed ló ṣe ìyẹn, ó sì tà gan-an.

Báwo la ṣe ń pe orúkọ rẹ̀, kí ló sì túmọ̀ sí?

Ẹnu àwọn Faransé máa ń pè é bí ẹni ń sọ pé Àpẹ́ẹ̀ṣì, ṣùgbọ́n ìró tó gbẹ̀yìn yẹn kò sí nínú èdè Yorùbá. Ó wà láàárín ṣ àti j. Ẹni tó bá pè é ní Àpẹ́ẹ̀jì kò ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Màmá Kútọnu ń pè é.

Ọ̀rọ̀ orin ni. Bí ẹni tó ń tẹ dùùrù bá fi ìka mẹ́ta tẹ ohùn mẹ́ta pọ̀, wọn á dún lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá wá ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èkíní ṣì ń dún kí èkejì tó bọ́ sí i, tí ẹ̀kẹta sì tẹ̀ lé wọn, arpège nìyẹn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé Lanvin ni pé Marguerite, ọmọ Jeanne, tó jẹ́ olórin, ni wọ́n fún gbóòórùn rẹ̀, òun ló sì sọ pé ó dà bí arpège. Orúkọ náà bá a mu. Bó ṣe ń ṣe lára gan-an nìyẹn: òórùn kan á yọ, òmíràn á bọ́ sí i, ẹ̀kẹta á wá jókòó ti wọn di alẹ́.

Ta ni Jeanne Lanvin?

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1867 ni wọ́n bí i ní Párísì, òun ni àkọ́bí nínú ọmọ 11. Owó kò sí nílé wọn. Ọmọ ọdún 13 péré ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́ fún àwọn tó ń ṣe fìlà obìnrin, tó ń gbé fìlà lọ sílé àwọn oníbàárà káàkiri ìlú. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló fi máa ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ akérò tí ẹṣin ń fà, kí owó ọkọ̀ lè kù sí i lápò, àwọn èèyàn bá sọ ọ́ lórúkọ ọkọ̀ akérò kékeré. Ó kọ́ṣẹ́ fìlà yanjú. Ní 1889, nígbà tó di ọmọ ọdún 22, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Òpópónà Faubourg Saint-Honoré, nọ́ńbà 22, ni àdírẹ́sì tí ayé wá mọ̀ mọ́ ọn.

Ó fẹ́ ọmọ ìjòyè Ítálì kan, Emilio di Pietro. Ní 1897 wọ́n bí Marguerite, ọmọ kan ṣoṣo tí Jeanne bí. Ìgbéyàwó náà tú ní 1903. Ọmọ yìí ni Jeanne wá gbájú mọ́. Ó ń rán aṣọ fún un, aṣọ tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wá ra fìlà fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rán irú rẹ̀ fún ọmọ tiwọn náà. Ní 1908 ó ṣí ẹ̀ka aṣọ ọmọdé. Àwọn ìyá tún ní kó rán tàwọn náà, nígbà tó sì di 1909 ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ àgbà Párísì. Ṣé ẹ rí i? Aṣọ ọmọ ló sọ ẹni tó ń ṣe fìlà di aránṣọ. Lẹ́yìn náà ló ní ilé ìparọ tirẹ̀ ní Nanterre ní 1923, níbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró búlúù tí wọ́n ń pè ní búlúù Lanvin títí dòní.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ọmọ rẹ̀ ló ṣe é fún?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1897 ni wọ́n bí Marguerite, nítorí náà ó pé ọmọ 30 ọdún ní 1927. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni Arpège.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe rí láàárín ìyá àti ọmọ nígbà náà. Marguerite ti kọ́kọ́ fẹ́ dókítà kan, René Jacquemaire, ọmọ ọmọ Georges Clemenceau tó ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìyẹn kò tọ́jọ́. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ Jean de Polignac, ọmọ ìdílé ọlọ́lá tó ti pẹ́ ní ilẹ̀ náà. Ó wọ àárín àwọn olórin, àwọn akéwì àti àwọn ayàwòrán. Ó sì pa orúkọ tì. Marguerite tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò jẹ́ ẹ mọ́, Marie-Blanche ló kù tó ń jẹ́.

Yorùbá ni wá, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé fún yín ohun tí orúkọ jẹ́. Orúkọ tí ìyá fi rẹ ọmọ lẹ́kún, tó fi kì í, tó fi pè é wá jẹun, ni ọmọ náà wá gbé sílẹ̀ nígbà tó ti dàgbà. Jeanne kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tó dákẹ́, tó ń wo nǹkan, tó ń tọ́ka, tí kì í ṣàlàyé. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń sọ tẹnu rẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní jòjòló ló ti ń fi abẹ́rẹ́ sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Báyìí ọmọ ti di ìyàwó ilé ńlá, kò nílò aṣọ ọmọdé mọ́. Kí ni ìyá á tún gbé fún un? Ohun tí kò ṣe é gbá mú ló gbé fún un, ó fi orin tí ọmọ fẹ́ràn sọ ọ́ lórúkọ. Lójú tèmi, Arpège ni àgò tí Jeanne ké lẹ́nu ọ̀nà ọmọ rẹ̀.

Marie-Blanche mọ orin ní tòótọ́. Ó ń tẹ dùùrù, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ó wà lára àwọn tí Nadia Boulanger, olùkọ́ orin ọmọ ilẹ̀ Faransé, kó jọ tí wọ́n kọ orin Monteverdi, ọmọ Ítálì tó kọ orin láyé àtijọ́, sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1937. Nígbà tí Jeanne kú ní ọjọ́ 6 oṣù keje 1946, ọwọ́ ọmọ yìí ni ilé Lanvin bọ́ sí, òun ló sì ni ín títí tí òun náà fi kú ní 1958.

Àwọn wo ló wà nínú àwòrán ara ìgò?

Jeanne àti Marguerite ni. Ní 1907 àwọn méjèèjì múra lọ sí òde ijó kan, ìyá àti ọmọ wọ aṣọ tó jọra, fìlà gíga lórí, wọ́n sì ya fọ́tò. Ọmọ náà kò tíì pé 11 ọdún. Láti ara fọ́tò yẹn ni Paul Iribe ti ya àwòrán wúrà tẹ́ ẹ̀ ń rí: ìyá tẹ̀ síwájú sí ọmọ, ọwọ́ wọn kan ara wọn. Òun náà ló di àmì ilé Lanvin, ó wà lára ọjà wọn títí dòní.

Ìgò róbótó yẹn, Armand-Albert Rateau ló yà á. Òun kan náà ló ṣe ọ̀ṣọ́ sí ilé Jeanne ní Párísì. Wọ́n ti kó yàrá ibùsùn, yàrá ìwẹ̀ àti yàrá ìjókòó kékeré ilé yẹn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Musée des Arts Décoratifs. Ẹni tó bá dé Párísì lè lọ fojú rí yàrá náà, pẹ̀lú aṣọ búlúù tó bo ògiri rẹ̀.

Mo ti wo àwòrán ara ìgò tèmi lábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Wúrà rẹ̀ ti ṣí níbi tí àtàǹpàkò Màmá Kútọnu máa ń dì mú, apá ìyá ti fẹ́ẹ̀ parẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ ṣì hàn ketekete.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Òdòdó ló pọ̀ jù: róòsì, jasmine, ylang-ylang, muguet tó jẹ́ òdòdó funfun kéékèèké tí àwọn Faransé fẹ́ràn, àti gbòǹgbò iris tó ń rùn bíi páúdà. Lókè wọn ni èèpo bergamot wà, ọsàn kan tó ń wá láti gúúsù Ítálì. Nísàlẹ̀ ni igi sandalwood, gbòǹgbò vetiver àti fàníílà, àwọn ló ń pẹ́ lára.

Ohun tó wá mú kó dún bó ṣe dún ni èròjà tí wọ́n ń pè ní aldehyde. Inú yàrá kẹ́míkà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ rántí òórùn aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀, tàbí ti àbẹ́là nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹ pa, kí ẹ pò ó mọ́ èèpo ọsàn. Bó ṣe rí nìyẹn. Bí ó bá dá wà, kò wuni. Tí wọ́n bá wá kán díẹ̀ sí òdòdó, òdòdó náà á gbéra sókè, á máa tàn.

Ṣé Chanel No. 5 ni wọ́n wò ṣe é?

Wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan, mi ò ní sẹ́. Ernest Beaux ṣe No. 5 ní 1921, aldehyde inú rẹ̀ ló sì mú kí gbogbo Párísì yíjú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n No. 5 náà kọ́ ló kọ́kọ́ lo aldehyde, ó ti wà nínú Quelques Fleurs, lọ́fínńdà ilé Houbigant, láti 1912. Ẹni tó bá fi méjèèjì sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì á rí ìyàtọ̀. No. 5 nà ró, kò rẹ́rìn-ín. Arpège tutù, ó gba èèyàn mọ́ra, igi àti fàníílà rẹ̀ sún mọ́ awọ ara jù. Èmi mọ èyí tí mo fẹ́ràn.

Kí ló dé tí irú lọ́fínńdà báyìí fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà?

Ẹ bi òdòdó jasmine. Ìlú Grasse, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni orísun òdòdó àwọn ilé lọ́fínńdà ńlá. Iṣẹ́ awọ ni ìlú náà kọ́kọ́ fi lórúkọ. Awọ a máa rùn, ni wọ́n bá ń fi òórùn òdòdó sí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi awọ ṣe, títí òdòdó fi gba iṣẹ́ mọ́ awọ lọ́wọ́.

Láti oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kẹwàá ni wọ́n ń já jasmine. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń jáde, kí oòrùn tó mú, torí bí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa òórùn náà á máa lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Òdòdó 8,000 sí 10,000 ló ń wọn kílò kan ṣoṣo. Kílò òdòdó tó tó 600 tàbí 700 ni wọ́n máa lò kí wọ́n tó rí kílò kan ojúlówó òróró rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún òdòdó, ó kéré tán, nìyẹn, tí ọwọ́ èèyàn já. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń tẹ́ òdòdó náà sórí dígí tí wọ́n fi ọ̀rá kùn, ọ̀rá á fa òórùn mu, wọn á kó èyí tó ti rọ kúrò, wọn á tẹ́ tuntun, lójoojúmọ́, títí ọ̀rá á fi yó. Lónìí, Íjíbítì àti Íńdíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú jasmine lọ́fínńdà ti ń wá, oko Grasse tó kù kò tó nǹkan mọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fi ohun tó wá lára ẹranko sí lọ́fínńdà?

Ní ayé ìgbà náà, òótọ́ ni, nínú ọ̀pọ̀ lọ́fínńdà ńlá ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kan nínú wọn kò ṣàjèjì sí wa rárá: ẹtà. Ẹranko tí àwọn ọdẹ wa ń bá pàdé nínú igbó lóru yìí ní oje kan nítòsí ìdí rẹ̀ tó ń rùn burúkú. Etiópíà ni wọ́n ti ń sìn ín nínú àgò, tí wọ́n ń ha oje náà, tí wọ́n ń kó o lọ sí Párísì. Ìwọ̀nba bíńtín, tí wọ́n fi ọtí là, á mú kí òdòdó dà bí ohun tó ń mí. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹranko náà, inú mi sì dùn pé kẹ́míkà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nísinsìnyí ní ibi tó pọ̀ jù.

Báwo ló ṣe gbajúmọ̀ dé Amẹ́ríkà?

Ìpolówó ọjà ni. Gbólóhùn kan wà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún 20: ṣe ìlérí ohunkóhun tó bá wù ọ́ fún un, ṣùgbọ́n Arpège ni kí o fún un. Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà ṣì lè sọ ọ́ lórí. Kò wù mí púpọ̀, torí ó sọ ẹ̀bùn ìyá sí ọmọ di ohun tí ọkùnrin ń fi tu obìnrin lójú. Àmọ́ ó tà á.

Ṣé èyí tó wà lọ́jà báyìí náà ni èyí tó wà nígbà náà?

Orúkọ kan náà ni, ìgò náà ṣì jọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yí padà. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé e jáde ní ọ̀tun ní 1993. Ìdí rẹ̀ pọ̀. Sandalwood Mysore ti Íńdíà ti ṣọ̀wọ́n, ó sì ti wọ́n. Jasmine Grasse kò kárí mọ́. Òfin náà wà níbẹ̀: láti 1973 ni ẹgbẹ́ àwọn olùṣe lọ́fínńdà lágbàáyé, IFRA, ti wà, tí wọ́n ń fi òdiwọ̀n sí èròjà tó lè mú kí ara yún èèyàn. Ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù náà fi òfin tiwọn kún un. Nígbà tó di 2021, wọn kò gbọdọ̀ ta lọ́fínńdà tó ní Lyral nínú níbẹ̀ mọ́, èròjà kan tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe òórùn muguet.

Àwọn tó ni ín náà ti yí padà. Láti 2007, iléeṣẹ́ Interparfums ló ni orúkọ Lanvin lórí lọ́fínńdà. Aṣọ Lanvin wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èyí tuntun kò burú o. Ó mọ́, ó dùn, owó rẹ̀ kò ga bíi ti ọ̀pọ̀ lọ́fínńdà olórúkọ. Ẹni tí kò bá tíì gbóòórùn ti àtijọ́ rí á gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbóòórùn rẹ̀ á mọ̀ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ọjọ́ orí ìgò tó wà lọ́wọ́ mi?

Páálí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, bó bá ṣì wà. Bí àmì ìlà gbọọrọ gbọọrọ tí ẹ̀rọ ń kà ní ṣọ́ọ̀bù bá wà lára rẹ̀, kò lè jẹ́ ti àwọn ọdún 1950 tàbí 1960. Bí ẹ bá rí orúkọ èròjà bíi linalool, geraniol tàbí limonene tí wọ́n tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti 2005 síwájú, torí ọdún yẹn ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí wọ́n kọ wọ́n síta.

Ẹ wo ọmọrí náà. Èyí tí wọ́n ń fi kan ara, tó jẹ́ dígí tó wọnú ọrùn ìgò, ti Extrait ni, ojúlówó tó ki jù lọ. Bí ẹ bá fẹ́ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ìdí ìgò àti ọrùn rẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgò àtijọ́ mi ń rùn bí ọtí kíkan. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ẹ má tíì dà á nù. Bí mo ṣe ṣí ti Màmá Kútọnu lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ sinmi, ohun tó kọ́kọ́ lù mí nímú ni òórùn ohun tí a fi ń kun èékánná. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo fi kan ọrùn ọwọ́, mo bá tèmi lọ, mo ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ nínú ilé ìdáná. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí mo fi gbé ọwọ́ sókè láti nu ojú, jasmine ti jáde. Lẹ́yìn wákàtí méjì sandalwood ti dé, ó ki, ó rọ̀, bí ẹni pé wọ́n jókòó tì mí. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lọ́wọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bergamot àti aldehyde ló máa ń kọ́kọ́ kú bí ìgò bá pẹ́. Igi, gbòǹgbò àti fàníílà ń pẹ́ jù wọ́n lọ fíìfíì. Ẹ fún un ní ààbọ̀ wákàtí kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Bó bá ṣì ń kan lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó ti lọ nìyẹn. Bí ara yín bá máa ń tètè yún, ẹ fi kan aṣọ tàbí áńkáṣíìfù, ẹ má fi kan awọ ara.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀ nínú ooru tiwa?

Ìmọ́lẹ̀, ooru àti afẹ́fẹ́ ló ń pa á. Ojú fèrèsé kọ́ ni àyè rẹ̀, bó ti wù kó dára tó níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni balùwẹ̀. Ẹ gbé e sínú páálí rẹ̀, ẹ fi páálí náà sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, láàárín aṣọ, níbi tó ṣókùnkùn. Ẹ dé ọmọrí rẹ̀ pinpin, kí ẹ gbé e nàró, torí ọtí inú rẹ̀ lè jẹ ìdè ọrùn ìgò bó bá dùbúlẹ̀. Tèmi wà láàárín àwọn gèlè tí Màmá Kútọnu fi sílẹ̀ fún mi.